Wọ́n Ní Ọ̀wọ́n Gógó Ti Wálẹ̀, Kí Ló Dé Tí Ọjà Ò Gbọ́?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 2025, àjọ NBS, ìyẹn àjọ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ kó ìṣirò jọ lórí ohun tó ń lọ nílùú, kéde pé ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Nàìjíríà fún oṣù Ṣẹ́rẹ́ jẹ́ ìdá 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2024, ìdá 34.80 ni wọ́n kéde. Ti oúnjẹ nìkan kúrò ní ìdá 39.84, ó bọ́ sí ìdá 26.08.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti gba orí rédíò, ó ti gba orí WhatsApp. Àwọn kan ń dúpẹ́, àwọn kan ń bú ìjọba pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a kírun Ìṣáì tán ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Ìlọrin, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Láti ìparí ọdún tó kọjá ni mo ti ń bẹ ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé kó fi nǹkan díẹ̀ kún owó òòjọ́ wa, nítorí ààwẹ̀ ń bọ̀. Láàárọ̀ yìí ló yọ fóònù sí mi, ó ní kí n wò ó, ọjà ti wálẹ̀, kí ni mo tún ń fẹ́ àfikún sí? Bẹ́ẹ̀ Ọjà Ọba ni mo gbà wá síbí, iye tí mo ra ìrẹsì lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni mo rà á. Ta ló ń parọ́ nínú èmi àti fóònù?"

Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, pé ọ̀gá rẹ̀ ló ṣi iye náà kà. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, nítorí pé bí oṣù Ràmàdáànì bá ti ń kan ilẹ̀kùn, kálukú a máa ṣírò ohun tó máa rà àti ohun tó máa fi sílẹ̀. Iye ni ìjọba fi ń pín owó, iye ni dókítà fi ń mọ oògùn tó dára, iye náà ni ọ̀gá fi ń fi owó du òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi iye léèrè ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá fi iye sọ fún un ló máa gbà.

Àwa tí a jáde ní ilé-kéú kò yẹ kí èyí ṣòro fún. Wọ́n kọ́ wa pé bí ẹnìkan bá ní Ànábì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ báyìí-báyìí, a kì í sáré gbà, a kì í sì í sáré kọ̀. A máa ń yẹ àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ta? Ṣé àwọn méjèèjì pàdé láyé? Ṣé olódodo ni, ṣé ìrántí rẹ̀ pé? Lẹ́yìn èyí ni a ó mọ̀ bóyá hádíísì náà fẹsẹ̀ rinlẹ̀, tàbí ó dára níwọ̀nba, tàbí ó lẹ. Ẹ̀rí ni iye náà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló tó fún wa: Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Ta ni wọ́n wọ̀n? Nínú mélòó ni?

Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká fi kóńgò ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ìyá kan ń ta gàrí ní Ọjà Ọba, kóńgò kan náà ló sì ń lò láti ọdún 2009. Kóńgò náà ti tẹ̀, etí rẹ̀ ti ká sínú. Lọ́jọ́ kan ó ra kóńgò tuntun. Lánàá, àpò gàrí kan jẹ́ 60 kóńgò. Lónìí, àpò kan náà jẹ́ 50 kóńgò. Ṣé gàrí ti dínkù ni? Rárá o. Gàrí inú àpò wà bó ṣe wà, òṣùwọ̀n ló yí padà.

Ohun tí àjọ NBS ṣe gan-an nìyẹn. Láti mọ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí, wọ́n máa ń ní apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n to oríṣiríṣi nǹkan sí: oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, aṣọ, oògùn, owó iléèwé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń lọ wo iye tí wọ́n ń ta àwọn nǹkan inú apẹ̀rẹ̀ náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Iye ọjà ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi ṣe ìpìlẹ̀ láti ìgbà yẹn. Lọ́dún 2025, wọ́n gbé ìpìlẹ̀ náà kúrò ní 2009 wá sí 2024. Wọ́n tún apẹ̀rẹ̀ náà tò: oúnjẹ tó ń kó bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, bí ìdá 40 ló ń kó báyìí.

Ìdí wà fún un. Ohun tí ènìyàn ń náwó sí ní 2009 kọ́ là ń náwó sí lónìí. Nígbà yẹn, ta ló ń ra dátà? Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń ṣe irú ìṣirò yìí ló máa ń tún apẹ̀rẹ̀ wọn tò lóòrèkóòrè, Nàìjíríà jẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́. Àjọ náà kò sì ṣe é níkọ̀kọ̀, wọ́n kéde rẹ̀ ní gbangba. Àwọn tó ń pín ìròyìn kiri ló gé ibẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi 34.80 àti 24.48 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé kóńgò kan náà ni.

A mọ̀ pé odidi súrà kan wà nínú Al-Kùránì tí a fi ìwà àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù sọ lórúkọ. Ẹni tó pààrọ̀ òṣùwọ̀n tó sì sọ fún oníbàárà rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, tó wá ń fi ti àná díwọ̀n ti òní kó lè jèrè, òun ló yẹ kó bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Àṣìṣe kejì tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ká tiẹ̀ gbà pé òṣùwọ̀n kò yí padà. Kí ni ìdá 24.48 túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé ohun tí a ra ní ₦1,000 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, bí ₦1,245 ni a rà á ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. Ọjà ṣì ń gòkè. Bí ó ṣe ń yára gòkè ni iye yẹn ń sọ.

Ẹ wo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀fà. Bí awakọ̀ bá ń sá eré 100, tó wá dẹ ẹsẹ̀ tó ń sá 60, ṣé ọkọ̀ ti yí padà sí Ìlọrin ni? Ọ̀fà náà ló ń lọ, kò kàn yára bíi tàkọ́kọ́ ni. Ká ní nǹkan kan jẹ́ ₦1,000, tó fi ìdá 30 gòkè lọ́dún kìíní, ó di ₦1,300. Bí ó bá fi ìdá 20 gòkè lọ́dún kejì, a lè ní ọ̀wọ́n gógó ti dínkù láti 30 sí 20, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀hún ti di ₦1,560. Kó tó lè padà sí ₦1,000, àfi kí ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ níbikíbi láyé.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba bá ní ọ̀wọ́n gógó dínkù, tí ìyá ọlọ́jà sì ní kò sí ohun tó wálẹ̀, àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́.

Ta ni wọ́n wọ̀n?

Apẹ̀rẹ̀ tí NBS tò, ti gbogbo Nàìjíríà ni, ìpíndọ́gba ni. Ìpíndọ́gba sì máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ká ní ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí kan fẹ́ tún òrùlé ṣe, ọkùnrin mẹ́wàá ló sì máa dáwó. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń gba ₦70,000 lóṣù, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀. Ẹnì kẹwàá jẹ́ oníṣòwò ńlá, ó ń rí ₦2,000,000 lóṣù. Akọ̀wé ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pín in sí mẹ́wàá, ó ní ohun tó ń wọlé fún ọmọ ìgbìmọ̀ jẹ́ ₦263,000 ní ìpíndọ́gba, nítorí náà kí kálukú mú ₦25,000 wá. Ìṣirò akọ̀wé kò léèrí. Àmọ́ kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó ń gba ₦263,000. Àwọn mẹ́sàn-án yóò jẹ gbèsè, ẹnì kẹwàá kò ní mọ̀ pé òun dáwó.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n to owó wọn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí wọ́n wá wo ti ẹni tó wà ní àárín. Ti àárín níbí, ₦70,000 ni. Ìyẹn ló jọ ìgbé ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àwọn olùwádìí máa ń lo méjèèjì, wọ́n á sì sọ èyí tí wọ́n lò. Bí a bá gbọ́ ìpíndọ́gba nínú ọ̀rọ̀ owó, ó yẹ ká béèrè pé: àárín ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oúnjẹ. Nínú apẹ̀rẹ̀ ìjọba, oúnjẹ ń kó bí ₦4 nínú ₦10. Nígbà tí mo bi ọ̀rẹ́ mi bíríkìlà léèrè, ó ronú, ó ní nínú ₦10 tó bá wọlé fún òun, ó ju ₦6 lọ tó ń lọ sí ẹnu òun, ìyàwó àti ọmọ márùn-ún. Bí oúnjẹ bá wá wọ́n ju nǹkan mìíràn lọ, ọ̀wọ́n gógó tirẹ̀ yóò ju ti ìwé ìròyìn lọ. Ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀, tó ń jẹ iṣu oko bàbá rẹ̀, tirẹ̀ lè kéré sí i. Iye kan kì í bá gbogbo ilé mu, gẹ́gẹ́ bí fìlà kan kò ṣe bá gbogbo orí mu.

Ìbéèrè yìí náà ló ń ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé: "Wọ́n ní wọ́n ṣe ìwádìí, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkankan." Ẹ rántí pé ìyàwó ilé tó fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀ kì í mu gbogbo ìkòkò. Ṣíbí kan tó fún un. Ṣùgbọ́n kó tó bu ṣíbí yẹn, ó ní láti ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáadáa, nítorí bí iyọ̀ bá wà nísàlẹ̀, òkè tó tọ́ wò yóò tàn án.

Ní ọdún 2018, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ńlá tí a mọ̀ sí NDHS fọ̀rọ̀ wá obìnrin 41,821 lẹ́nu wò káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀, ní ìgboro àti ní abúlé. Kò sí obìnrin náà tó yan ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ro ọbẹ̀ náà pọ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí, 132 ló ń kú kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyẹn ju ọmọ kan nínú mẹ́jọ lọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti wálẹ̀ sí 110 nínú 1,000, bí ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án. Ó ṣì pọ̀, ó ń bani lọ́kàn jẹ́. Síbẹ̀ a mọ̀ pé ó ń dínkù. Bí kò bá sí irú ìwádìí yìí, tí ọmọ bá kú ní ilé kan, àwọn ará ilé nìkan ló máa mọ̀, ìlú kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbogbo gbòò ni.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ìbéèrè tí ẹnìkan jù sí orí WhatsApp pé kí àwọn ènìyàn sọ ohun tí wọ́n rò. Kódà bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún bá dá a lóhùn, àwọn tó ní dátà, tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, tí inú sì ń bí ni wọ́n dáhùn. Òkè ọbẹ̀ ni wọ́n tọ́ wò.

Nínú mélòó ni?

Ìbéèrè kẹta yìí ni a kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló le jù. Bí ẹnìkan bá ní ènìyàn 500 ló ṣàìsàn, a ò tí ì mọ nǹkankan. Nínú 1,000 ni, àbí nínú mílíọ̀nù kan? Láti mọ ìyẹn, a gbọ́dọ̀ mọ iye tí a jẹ́.

Mélòó wá ni àwa ní ìpínlẹ̀ Kwara? Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2006 ni wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 140 lé díẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ka 2,365,353 ní Kwara. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025 ni ìkànìyàn yẹn pé ọdún 19. Ọmọ tí wọ́n kà mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà ti lè dìbò, ó sì ti lè di ìyá ọmọ. Àtìgbà náà, gbogbo iye tí ẹ ń gbọ́, yálà mílíọ̀nù 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfojúsùn tí wọ́n ṣírò láti ara 2006 ni. Wọ́n ti fẹ́ ka ènìyàn ní ọdún 2023, wọ́n ti ná owó, wọ́n ti ń múra, kí ìjọba Ààrẹ Buhari tó sún un síwájú ní ìparí oṣù Igbe ọdún náà, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, a kò tí ì kà á.

Ìkànìyàn ti máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Wọ́n wọ́gi lé ti 1962. Ti 1963 dá awuyewuye sílẹ̀. Wọ́n fagi lé ti 1973 náà. Lẹ́yìn ti 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gba mílíọ̀nù 9 tí wọ́n kà fún wọn, wọ́n ní ìṣirò tiwọn ju mílíọ̀nù 17 lọ. Ìdí ìjà náà kò farasin: iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó láti Abuja, wọ́n sì tún ń wò ó bí wọ́n bá ń pín àgbègbè ìdìbò. Nígbà tí iye bá di owó, gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ pọ̀.

Ní tiwa, àwọn àgbà a máa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ojú ayé wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì bá wọn jà. Àmọ́ ó yẹ ká mọ̀ pé kíkà kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Nínú àkójọ hádíísì Bukhari, Hudhaifa gba á wá pé Ànábì Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti gba Ìsìláàmù, wọ́n sì kọ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọkùnrin. Ìlú tó ń múra láti dáàbò bo ara rẹ̀ nílò láti mọ iye tó jẹ́.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Bí a kò bá mọ iye ọmọ tó wà ní Òkèlélé tàbí ní Pàkátà, báwo la ṣe máa mọ iye kíláàsì tó yẹ ká kọ́? Bí wọ́n bá ní àwọn fún ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdá 90 nínú iye wo? Bí iye tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ bá kéré ju òótọ́ lọ, àwọn ọmọ kan wà tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Èmi a máa fi àfojúsùn ìkànìyàn wé hádíísì tí sànáàdì rẹ̀ lẹ díẹ̀: bí kò bá sí èyí tó dára jù ú lọ, a lè lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ bú u mọ́ èyí tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀.

Ẹ̀rí ẹnìkan àti ẹ̀rí ọ̀pọ̀

Mo dárúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àìbéèrè "nínú mélòó" ti pa wá lára jù.

Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dá oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu dúró fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí ìròyìn pé wọ́n fi nǹkan sínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ní ìtàn tirẹ̀, àwọn ènìyàn ti rí ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa fura. Àmọ́ ẹ wo ohun tí iye sọ. Ní 2002, ọmọ 202 ni rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà. Ní 2006, 1,122 ni. Àrùn náà gba ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àáfà, àwọn ọba àti àwọn ìyá wá pawọ́ pọ̀ tí oògùn tún ń wọ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún ọdún 2020, wọ́n kéde pé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá.

Síbẹ̀, títí di òní, ìyá kan á sọ pé: "Wọ́n fún ọmọ aládùúgbò mi ní abẹ́rẹ́, ibà mú un lọ́jọ́ kejì." Mi ò ní pe ìyá yẹn ní òpùrọ́. Abẹ́rẹ́ mìíràn a máa mú ara ọmọ gbóná díẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn a máa sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní ìlú tí ibà ń mú ọmọ lójoojúmọ́, bí a bá fún ẹgbẹ̀rún ọmọ ní omi lásán lónìí, ibà yóò mú àwọn kan nínú wọn lọ́la. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í ṣe òun ló mọ́ ilẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ló fa òmíràn, a ó wo ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbà á àti ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbà á, a ó wá fi àwọn méjèèjì wéra. Iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀rí ẹnìkan lè jẹ́ òótọ́, kó má sì tó fi dájọ́.

Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Kì í ṣe ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì nìkan ló nílò ìṣirò. Ilé kọ̀ọ̀kan nílò rẹ̀, kò sì gba ju ìwé kan àti bírò kan lọ.

Kí bàbá àti ìyá ilé jọ máa kọ ohun tí wọ́n rà sílẹ̀: ọjọ́, nǹkan, iye. Kí wọ́n lo òṣùwọ̀n kan náà, ìyẹn kóńgò kan náà, kí wọ́n má fi kóńgò díwọ̀n mùdù. Nígbà tí Ràmàdáànì mìíràn bá dé, wọn kò ní máa gbára lé ìrántí. Ìrántí a máa ṣojúsàájú, ohun tó dùn wá jù ló máa ń rántí. Ìyá tó ń ta ọjà lè fi irú ìwé yẹn mọ ọjọ́ tí ọjà ń yá àti ọjọ́ tó ń kú, kó má baà di pé ó ń kó ọjà sílẹ̀ tó ń bàjẹ́. Ẹni tó ń yọ sàká yóò mọ ohun tó ní ní ti gidi, kó tó yọ ìdá kan nínú ogójì rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tó máa pín oúnjẹ ìṣínu lè kọ iye tó wá ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí oúnjẹ má ṣòfò ní ọjọ́ kan, kí àwọn aláìní má sì padà lọ́wọ́ òfo ní ọjọ́ kejì.

Bí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn wa tó sì fi ìwé àṣẹ hàn, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn, ká sọ òótọ́ fún un. Ẹni tó parọ́ fún olùwádìí, ọbẹ̀ tí gbogbo wa máa jẹ ló da omi sí.

Bí ìròyìn bá sì dé pẹ̀lú iye lórí fóònù, kí á tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Àṣẹ Ọlọ́hun ni pé ká wádìí ìròyìn, kí á má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀, kí á wá di ẹni tó ń kábàámọ̀.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ọ̀rẹ́ mi bíríkìlà. Kó tó lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kó gba fóònù padà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kó fi ìka sí ibi tí ìdá 24.48 wà. Kó bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé: "Alhaji, ẹ̀yin lẹ fi iye yìí hàn mí. Ó ní ohun tí mo ń ra ní ₦1,000 ní ọdún tó kọjá ti di ₦1,245. Ṣé owó tí ẹ ń san fún mi ní ọdún tó kọjá ti gòkè bẹ́ẹ̀?" Ohun tí wọ́n fi lé e padà, ẹ̀rí tirẹ̀ ni, kò kàn mọ̀ ọ́n kà ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò lọ bá a lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Mi ò tí ì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Àmọ́ bó ti wù kí ó já sí, ẹnikẹ́ni kò tún ní yọ fóònù sí i lẹ́ẹ̀kejì kó sì dákẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wa, kó sì jẹ́ ká wà lára àwọn tó ń fi òótọ́ wọn nǹkan. Àmín.